Iná Tó Ń Wò Mí

Láti òjò àkọ́rọ̀ ni iná yẹ́lò yẹn ti lajú sí mi
lára dáṣíbọọ̀dù Máàkì àgbà yìí.
Kò ṣẹ́jú, kò sùn.
Mo lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn.
Bíréèkì ṣáà ń mú; kí ló tún kù?

L'Ógèrè láàárọ̀ yìí, Múíbátù ọmọ Odùsọ̀gà
ṣí téèpù náà bí ẹni ń ṣí ojú egbò.
"Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ta lẹ fi èyí pamọ́ fún?"
N ò fèsì.

Ó ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀,
ó ń fọwọ́ yí táyà,
ojú rẹ̀ lára mítà kékeré orí itan rẹ̀:
tiwájú méjèèjì sọ̀rọ̀,
ẹ̀yìn lọ́tùn-ún sọ̀rọ̀,
tòsì dákẹ́.
Ó ha ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìlíṣàn kúrò láàárín eyín irin,
ó fi sánpépà nù ún títí ó fi dán.
Ó ṣì dákẹ́.

Ló bá ń tọ wáyà lọ, díẹ̀díẹ̀,
dé ibi tó ti ń ha ara sípíríǹgì,
ibi tí ẹnìkan fi ọ̀rá píọ̀-wọ́tà wé e.

Èmi ni.
Lóru ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, lójú ọ̀nà Ṣàgámù,
gíráńáìtì kún ẹ̀yìn ọkọ̀, mo ń kánjú.

Ó gé e, ó jó o pọ̀. Kò bú mi.
Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Iná lajú. Ení, èjì, ẹ̀ta,
ó pajú dé fúnra rẹ̀.

Àmọ́ gọ́ọ̀mù téèpù ṣì wà níbẹ̀,
ó ń lẹ̀ mọ́ mi níka.