Ikọ́ Mi Ni Wọ́n Ń Jó Sí

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù ní Kàbbà
ni Ìyá Ìbítóyè ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rédíò.
Ó dúró. Ó sọ ẹrù kalẹ̀.
Orin tó máa ń kùn nídìí òfì ni, ní Ògìdì,
lọ́dún tí ọmọkùnrin kan na fóònù sí i lẹ́nu,
tó ní aṣọ lòun wá rà.

Orúkọ ẹlòmíì ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dá.

"Ikọ́ mi nìyẹn," ló wí. "Ẹ gbọ́: hùn-ùn, hùn-ùn,
ikọ́ ọyẹ́ ọdún náà. Òun ni wọ́n ń jó sí."
A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀.

Mo ní ká wá lọ́yà.

Ó ní, "Orin yẹn gan-an, Tápà ló ni ín.
Lẹ́nu Fàtí ẹlẹ́ja ni ìyá mi ti gbọ́ ọ,
lálẹ́ tí òjò dá a dúró sílé wa.
Ìyá mi fún un láṣọ. Títí ó fi kú,
kò kọ ọ́ rí kó má kọ́kọ́ wí pé:
Fàtí, òkun o.

Ọmọ yẹn mọ ọ̀nà Ògìdì.
Aṣọ tó ní kí n hun ṣì wà lórí òfì,
ó ku ìbú ọwọ́ kan."

Ó gbé ẹrù rù.
Rédíò ń wúkọ́ lẹ́yìn wa.