Ẹ Jókòó Ná

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi.
Ọ̀nà Ìlọrin ló ti ń tàṣọ láwìn;
bí ọjọ́ owó bá pé, á ṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
bí ológbò létí ihò eku,
kò ní jẹ, kò ní mu, títí owó yóò fi jáde.
Ìwé gbèsè rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí wa n'Ílésà.
Ikán ti jẹ etí rẹ̀, kò jẹ iye inú rẹ̀.
Kò sí ibi tó ti kọ ọ́ pé wọ́n san
ohun tí ẹnikẹ́ni kò san.

Èmi náà ń ṣó báyìí, ṣùgbọ́n n kò tàṣọ.
Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń wá kiri Òkè Ọmirù,
ojúlé dé ojúlé, okòólélọ́ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn,
ẹ̀rọ lọ́rùn, bírò méjì lápò,
nítorí ọ̀kan máa ń kú.

Ohun tí ìwé ìlànà wí kò pọ̀:
kí ẹni tí o fẹ́ wọ̀n kọ́kọ́ jókòó,
kó fẹ̀yìn tì, kó má sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún,
kí ẹ̀jẹ̀ rántí ibi tó ń gbé.
Ìṣẹ́jú márùn-ún! Láàárín àwa Ìjẹ̀ṣà!
Ìyá Mórádékẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọnmi gun òkè dé,
ó na apá sí mi lórí ìdúró:
"Tètè wọ̀n ọ́n, ẹ̀wà mi wà lórí iná."
Mo gbà, mo wọ̀n ọ́n. Ọgọ́sàn-án lé méjì.
Ọkàn mi kò gbé e. "Ẹ jókòó ná, mà."
Ó jókòó, ó ń wò mí bí ẹni tó jẹ mí lówó.
Nígbà tí a tún un wọ̀n, ogóje lé mẹ́rin.
Òkè tó gùn ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ sílẹ̀,
kí n sì pè é ní àìsàn.

Ojúlé kejìdínlógún, àgádágodo.
Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ajá nìkan ló dá mi lóhùn.
Fọlárànmí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní,
"Da ti ojúlé kẹtàdínlógún kọ síbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"
Mo wo ìlà náà. Ó funfun, òun náà ń wò mí.
Mo kọ ọ́ pé: *A kò bá wọn nílé.*
Irọ́ kan nínú ọ̀ọ́dúnrún, òkúta inú ìrẹsì ni;
eyín aláìsàn tí a kò tíì bí ni yóò bá a pàdé.

Dókítà Fámúrewá ló ni ìwádìí náà.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù kí n tó dé ọsibítù,
láti àárọ̀ àná ló ti wà níbẹ̀.
Mẹ́rin ni wọ́n ní wọ́ọ̀dù yẹn lọ́dún tó kọjá:
ọ̀kan ti lọ Kánádà, ọ̀kan ti lọ Saudi,
ọ̀kan, a kì í sọ̀rọ̀ ọ̀kan yẹn.
Ó ń ka ìwé mi, ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé ìlà.
Ó kan ojúlé kejìdínlógún, ó rẹ́rìn-ín:
"O ṣeun tí o kò dí i."
Ó tún ka ìlà kan náà. Ó tún un kà.

Mo fa àga. "Ẹ jókòó ná, sà."
Ó ní òun kò sí lára àwọn tí a ń kà.
Mo ní mo mọ̀. Mo ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè,
mo ṣó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.
Jẹnẹrétọ̀ ń kígbe lẹ́yìn ilé.
Ní ìṣẹ́jú kẹta, àgbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà, ó ti sùn.

Ẹ̀rọ sọ ohun tó sọ.
Mo tún un wọ̀n, ó tún un sọ.
Mo yẹ fọ́ọ̀mù wò láti òkè dé ìsàlẹ̀:
ọjọ́ orí, iyọ̀, sìgá, iye ọmọ.
Kò sí ibi tí a ó kọ oníṣègùn sí.
Mo yí ìwé náà padà sẹ́yìn,
mo mú bírò kejì.