Ọ̀nínì Méjì Nínú Ike

Bámitálẹ́ ọmọ àbúrò mi gúnlẹ̀ láti Adó
ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òjò ti ń ṣú lórí Ìkọ́lé.
Kò tíì mu omi tó fi ṣí àpò rẹ̀,
ó kó ike pẹlẹbẹ méjì sórí tábìlì mi,
ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Èwo ló wọ́n jù?"

Mo wọ awò ojú mi. Mo gbé wọn sún mọ́ fèrèsé.
Ọ̀nínì ni. Ọ̀nínì oníhò láàárín,
irú èyí tí ìyá mi máa ń fi òwú sín bí ìlẹ̀kẹ̀.
Ọdún kan náà. Adé kan náà lórí.
Ọ̀kan kò dán ju èkejì lọ.
Nọ́ńbà tí àwọn olùyẹ̀wò òkè òkun kọ sí wọn pàápàá dọ́gba:
mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

"Ìbejì ni wọ́n," ni mo wí.
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti rí ojú ayò.
"Ẹ wo ìwé tó wà lórí wọn, Bàbá.
Ti èyí funfun lásán, bí tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò.
Ti èkejì ní góòlù létí, wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí i,
àgbà kan sì fi gègé fọwọ́ sí i.
Ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n ń fi rà á."
"Owó inú rẹ̀ ńkọ́?"
"Owó inú rẹ̀ kò yàtọ̀."

Mi ò sọ̀rọ̀. Òjò dé, ó ń lu páànù.

Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀?
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ kòkó wò
láti Ìkọ́lé dé Ìpaò, dé Odò Ayédùn.
Mo ń fi ọ̀bẹ kékeré la ọ̀ọ́dúnrún hóró,
mo ń ka èyí tó bu, èyí tí kòkòrò jẹ,
èyí tí kò pọ́n dénú,
kí n tó fi òjé dí ẹnu àpò.
Àpò kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni ẹnu rẹ̀.
Ẹni tó wà ní èbúté kò mọ oko, kò mọ àgbẹ̀,
ọwọ́ mi ló gbà gbọ́.
Ẹni tí kò fojú kan ọjà, ìwé lojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún kan wà,
Ọmọ́ṣuyì gbé àpò méje wá, pẹ̀lú àkùkọ kan.
Kòkó rẹ̀ dára. Kò dára ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ.
Ó ní kí n ṣáà bá òun lo tàdáwà pupa
dípò dúdú tí a fi ń tẹ ti gbogbo ayé.
Pupa kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́.
Àwọn oníṣòwò Adó fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i.
Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, pupa ni gbogbo ìlú ń bèèrè,
mo sì jẹ adìyẹ títí ìkórè fi parí.
Ìbídùn opó kò ní adìyẹ.
Àpò rẹ̀ mẹ́rin, gírédì kìn-ín-ní, òǹtẹ̀ dúdú,
wà ní búkà ìwọn kòkó títí wọ́n fi bu.

"Bàbá, ẹ ti sùn ni?"
Mo fẹ́ pa òwe aṣọ ńlá fún un,
ẹnu mi kò gbé e.
Mo ní, "Bí o bá ń rà, ra funfun.
Bí o bá ń tà, ta ti góòlù."
Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó fi ti funfun ta mí lọ́rẹ.

Nígbà tó lọ tán, mo gé bébà kékeré kan, mo kọ ọ́ sí i:
Ọ̀nínì. Irú èyí ni ìyá mi fi ra iyọ̀
lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi.
Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike náà. Mo gbé e jìnnà, mo wò ó.
Ó ṣe ṣákálá.
Mo bá dìde, mo ń wá bírò pupa.