Yéélú

Tíṣà Ṣóyọmbọ̀ kò ní oko, kò ní ọ̀pẹ.
Rẹ́jísítà àtijọ́ kan ló ní, tó fi okùn so ẹ̀yìn rẹ̀.
Orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ṣì wà lójú ewé àkọ́kọ́;
lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀,
ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún, ibi tó ti wá lósì.

Bó o bá kí i ní Ìkèrèkú pé, "Ṣé àlàáfíà ni?"
yóò ní àlàáfíà kì í ṣe ọmọ ilé wa,
ó gun ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá kó tó dé ẹnu rẹ,
òun àti wákàtí, òun àti àlùbọ́sà.
Yóò ní kí o má fòyà:
àjèjì tó bá pẹ́ nílùú á mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tó máa ń bí i nínú ni àwọn tó ń la orúkọ bí obì,
tí wọ́n á fi tipátipá rí awẹ́ mẹ́rin nínú gbànja.
"Abẹ́òkúta rọrùn," ló máa ń wí,
"abẹ́ nìyí, òkúta nìyẹn, gbójú sókè, o ó rí Olúmọ.
Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ pe òkúta ní òkúta?
Ẹ dákẹ́ níbẹ̀."

Ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìtòkú,
ìkòkò aró ti ń rùn bó ṣe yẹ kó rùn.
Màmá fa aṣọ jáde, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé gbúre.
Afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn án,
ewé ń kú lára rẹ̀, òru ń dé.
"Ó ti ṣe yéélú," ni Màmá wí,
ó tún ki èkejì bọ ìkòkò.

Bírò Tíṣà dúró.

Oṣù márùn-ún ló fi wá a kiri.
Gbogbo aláró ojú títì náà ló ń sọ ọ́,
kò sẹ́ni tó mọ ilé baba rẹ̀.
Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òwu, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí.
Ní Gbágùúrà arúgbó kan mi orí, bóyá oorun ni.
Ó wá pinnu pé ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá inú igbó ni,
ti orílé kan tí ogun jó, tí koríko ti bo orúkọ rẹ̀;
pé àwọn tó sá wá sábẹ́ àpáta pọn ọmọ, wọ́n ru ẹrù,
ẹnìkan sì há yéélú sẹ́nu bí iyọ̀.
Ojú ewé mẹ́rin. Ó dùn ún gbọ́.

Èmi ni mo kà á fún Màmá, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣú.
Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí ọṣẹ ò ká mọ́.
"Ṣé Tíṣà ò lè bi mí ni?

Ọmọ tí mo bí ṣáájú ìyá rẹ, Ìlọ̀rí.
Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ló máa ń jókòó sí.
Bí aṣọ bá jáde, á pàtẹ́wọ́, á ké: yéélú!
Bóyá 'ó yí' ló fẹ́ sọ, bóyá 'elú'.
Ahọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta, ta ní í bi í?
Kò pé mẹ́rin tí ibà fi mú un lọ.
Mi ò mọ bí mo ṣe lè wo aṣọ kí n má wí i.
Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́ ọ,
wọ́n rò pé ara iṣẹ́ ni."

Tíṣà fa ilà sí ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìkánjú.
Lósì ó kọ: Ìlọ̀rí, Ìtòkú.
Ó wá bi mí bóyá ohùn òkè ló wà níbẹ̀ tàbí ti àárín.
Mo ní ká lọ gbọ́ ọ.

A bá Màmá nídìí ìkòkò. Aṣọ jáde.
Màmá ò wí nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ó kàn ń wò ó.
Tíṣà, tó kọ́ ìdajì àdúgbò yìí ní A, B, D,
ló la ẹnu, jẹ́jẹ́,
ló wí i.