Orin Olórin ní Kakuri

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la bẹ̀rẹ̀. Iná ti lọ.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri
bí ẹni tó fẹ́ bá wa gberin.
Ọmọ tó ni sítúdíò dọ̀bálẹ̀ kí wa,
ó dìde, ó ní ohùn wa ti wọ́.

Àwa mẹ́rin ló kù nínú méje:
Bitrus onígìtá, tí ìka rẹ̀ kan ò tẹ̀ mọ́,
Sánúsí, tó gbé ìrọ̀rí sórí àga ìlù,
Fọlárìn, tó yọ eyín àtọwọ́dá sínú ife
kó má baà máa súfèé sínú máíkì,
èmi Láoyè nídìí béèsì.

Láyé ìgbà tí fèrè ilé-iṣẹ́ aṣọ ń dún ní aago méjì,
a máa ń jáde tòun ti òwú lórí irun,
a ó gba ibi ijó lọ tààrà,
a ó kọ orin rọ́ọ̀kì tí a gbọ́ lórí rédíò,
a ò mọ ìtumọ̀ ìlàjì rẹ̀,
a kàn ń sọ ọ́ bó ṣe dún, bí ayékòótọ́.
Ìgbà tó yá, a ní tiwa. Ẹnu wa wá gùn.
A ní ẹni tó ń kọ orin olórin, aṣọ àyálò ló wọ̀,
aláṣọ ò ní pẹ́ẹ́ bọ́ ọ lára rẹ̀ lójú ọjà.

Àyálò náà la tún padà sí yìí.
Mẹ́sàn-án ti wọlé nínú mẹ́wàá.
Ẹ̀kẹwàá ni a ń wò níran:
orin Gàmálíẹ̀lì,
tó bá wa jà nítorí náírà mẹ́rìndínlógójì,
tó gbé gìtá wọ rélùwéè, ó di Jos,
tó kọ ẹyọ orin kan kó tó kú.

"Ta ló ni eléyìí? Kí n kọ ọ́ sílẹ̀."
Sánúsí fi igi ìlù họ ẹ̀yìn.

A bẹ̀rẹ̀. Ní ẹsẹ kejì, epo tán.
Béèsì mi yadi,
gìtá Bitrus ń dún bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí páànù,
Fọlárìn ò dákẹ́ nínú òkùnkùn,
mo sì ń tẹ okùn tí etí kankan ò gbọ́,
torí ìka mi ṣì mọ ibi
tí Gàmálíẹ̀lì ti máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀.
Ẹ̀rọ ò gba ìkankan nínú rẹ̀.

Ọmọ náà gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń wojú wa.
Bitrus ló kọ́kọ́ tọwọ́ bàpò.
Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì.
"Gbèsè ni," ó ní. "Kọ ọ́ pé Gàmálíẹ̀lì ló ni ín.
Ra epo tó máa pẹ́."