Ọ̀nà Orí Yìnyín

Ní erékùṣù Hiiumaa, bí òtútù bá mú débi tí òkun fi dì,
wọn a la ọ̀nà sórí omi, ọkọ̀ a máa gbà á kọjá.
Òfin ibẹ̀ kò pọ̀: má sáré àsájù, má dúró,
má sì de bẹ́líìtì,
kí o lè tètè fò jáde bí yìnyín bá là lábẹ́ rẹ.

Vaike, bẹ́ẹ̀ gan-an lo ṣe ń sùn tì mí.
Ọdún kẹrìndínlógún rèé.

Bàtà rẹ kọjú sí ilẹ̀kùn.
Owó ọkọ̀ ojú omi wà nínú ago tíì tí etí rẹ̀ ti kán,
lẹ́yìn ìyẹ̀fun, lókè pátápátá.
O rò pé n ò mọ̀.

Wọn ò nà ọ́ rí. O máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń gbèjà olè:
"Màmá ò fọwọ́ kàn mí rí."
Òótọ́ ni. Kò fọwọ́ kàn ọ́,
kò fọwọ́ pa ọ́ lórí, kò fọwọ́ nu ojú rẹ.
Wàrà dà sílẹ̀ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje,
ọjọ́ mọ́kànlá ni Leida ò fi bá ọ sọ̀rọ̀.
Ajá ló ń bá sọ ọ́:
"Pontu, sọ fún ẹni yẹn pé oúnjẹ ti délẹ̀.
Pontu, bi í bóyá ó mọ̀ pé òun ló ń sọ mí di arúgbó."
Ìwọ náà kọ́ bí a ti ń dá ajá lóhùn.
Lọ́jọ́ kejìlá ó ní, "Wá jẹun," bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀,
o sì sunkún ọpẹ́ sínú abọ́ ọ̀dùnkún.

Àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́.
Èyí tí kò bọ́ rárá ńkọ́,
tí ìyá sàba lé lórí títí tó fi rà?

Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tún ṣe.
Bí mo bá délé, etí mi a fẹ́ sinmi.
Mo jókòó, mò ń wo iná ààrò,
mò ń ro nọ́ọ̀tì kan tó sọnù sísàlẹ̀ ẹ̀rọ.
Ìwọ ti ń ka ọjọ́.
O ti fọ abọ́ tó mọ́. O ti bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dá.
Kí n tó gbójú sókè, o ti wọ ẹ̀wù òtútù.

Mo bínú lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ṣé èmi ni ìyá rẹ?"
O yíjú sí ajá (ajá mìíràn ni, Pontu ti kú tipẹ́),
o ní, "Sọ fún un pé rárá."

Àwa méjèèjì gbọ́ ọ.
Ajá náà ń wò wá lẹ́nu.
Ẹ̀rín ò pa ẹnì kankan.

Ìró kan péré ló kù kí ìkẹ́ di ìdákẹ́.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kéde ara mi bí rédíò:
"Vaike, mo fẹ́ dákẹ́ o. Ẹ̀rọ ni mò ń rò, kì í ṣe ìwọ.
Bí tíì yìí bá tán, màá sọ̀rọ̀ padà."
Nígbà míì mo máa ń gbàgbé.
Nígbà míì o gbọ́, o ò kàn gbà ni.

Lánàá o fẹ̀yìn tì mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Ara rẹ le bí igi, ó dẹ̀, ó tún le.
N ò mira.
Níta, òkun ń dún gbàmù, gbàmù, bó ti máa ń dún
nígbà tí yìnyín bá ń ki.
Àlejò a rò pé ó ń là ni.

Owó ọkọ̀ wọ́n sí i lóṣù tó kọjá.
Nígbà tí o lọ wẹ̀, mo gun àga,
mo fi yúrò méjì kún èyí tó wà nínú ago.