Akọ Ìbẹ́pẹ

Ìbẹ́pẹ kan ni mo là ní Ìdí-Ìṣìn,
kóró méjìlá ni mo ṣà nínú rẹ̀.
Ilẹ̀ kan náà, omi inú garawa kan náà.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ igi fún ìjọba;
bẹ́ ẹ bá bi mí pé èwo ni yóò ya akọ, èwo ni yóò ya abo,
mà á ní kẹ́ ẹ jókòó.
Ẹ jẹ́ kó tanná ná.

Àwẹ̀ró àbúrò mi kò lè jókòó.
Ó gbọ́ nípa Oyèníran, ó ti Àpáta wá nínú òjò,
ó ní, “Ta ló kọ́ ọ?
Ṣé ilé ìwé tẹ́ ẹ ní kó lọ máa gbé ni?
Àbí ẹ tètè já a lẹ́nu ọmú?
Torí nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, n ò rí irú ẹ̀ rí.”
Mo ní, “Bọ́ bàtà ẹ, ẹsẹ̀ ẹ tutù.”
N ò dárúkọ Bàbá Láyíwọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá wa,
tí kò gbéyàwó títí tó fi kú ní Òkè-Àdó,
tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo
jókòó ti sàréè rẹ̀ fún ogójì ọjọ́.

Oyèwùmí ń kọ́, ẹ̀gbọ́n Oyèníran?
Yàrá kan, ẹní kan, ẹgba kan náà ni mo fi nà wọ́n.
Obìnrin ló ń wù ú, ó ti bí mẹ́ta.
Bó bá jẹ́ ilé ló ń kọ́ni, ta ló yọ ọ́ sílẹ̀?
Bó bá sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan,
ẹ̀jẹ̀ wo ló yàtọ̀ níbẹ̀?

Bàbá mi a máa kan ìṣó mọ́ akọ ìbẹ́pẹ nídìí,
ó ní yóò so.
Èmi náà kan ìṣó lẹ́ẹ̀kan:
ọjọ́ méje lórí òkè àdúrà, láìjẹ, láìmu,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Ó sọ̀kalẹ̀, ètè rẹ̀ ti là.
Ó ní, “Bàbá, mo gbìyànjú.”
Ìṣó dípẹtà. Òdòdó ò yí padà.
Ojú ibi tí mo kàn án ò tíì jiná.

Oòrùn náà ní tiẹ̀, n ò ní parọ́.
Lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, mo rí i nínú oko ìwádìí,
igi tó ti ń so tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó tí kì í so.
Kóró sọ̀rọ̀, oòrùn dá sí i,
ibi tí ohùn méjèèjì ti pàdé,
àwọn ọ̀gá mi tó kàwé ò tíì rí i fọwọ́ kàn.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé
igi kì í jókòó pinnu.

Sátidé tó kọjá, Oyèníran mú Dúrójayé wá,
ọmọ tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ní Mọ́kọ́lá.
Ó wo akọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga,
ó ní, “Bàbá, ẹ ò gé èyí?”
Mo ní oyin ń wá síbẹ̀.
Mo bomi fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Àwẹ̀ró ò tíì pè.